Cornelius àti Omi Inú Ṣókéèsì Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́, ẹ pè é kó wá jẹun. Á jẹ òkèlè méjì, á dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà. Á padà wá jẹ ọ̀kan, á tún lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ aládùúgbò tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kì í gbé àga. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ katikíìsì ní Òkè-Ọ̀dàn, ló sọ ọ́ ní Cornelius, torí pé Cornelius inú Bíbélì jẹ́ ẹni tó ń fara balẹ̀ gbàdúrà. Kí Ọlọ́run dárí ji bàbá náà, ó ṣìnà pátápátá.

Èmi ni Adéwùnmí, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ kan ni Ọlọ́run fún wa, Ọlámipọ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní Ayétòrò, tó ń lọ sílé ìwé níbẹ̀. Torí náà, Bàbá Ọlámipọ̀ ni mo máa ń pe ọkọ mi, àfi tí inú bá ń bí mi. Ìgbà yẹn ni yóò gbọ́ orúkọ tí katikíìsì sọ ọ́.

Iṣẹ́ tó bá ìwà rẹ̀ mu ló ń ṣe. Àwọn tó bá ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Kútọnu ló ń bá wa ọkọ̀ wọlé láti Ìdírókò. Lónìí ó wà ní Kútọnu, lọ́la ó wà ní Abẹ́òkúta, ní ọ̀tunla ẹ ó gbọ́ pé ó ti dé Ìbàdàn. Èmi ní tèmi ń ta ìrẹsì, òróró, tòmátò inú agolo àti sìpàgẹ́tì níwájú ilé wa ní Ìlaròó, inú ṣókéèsì onígíláàsì ńlá kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Láti òdìkejì bọ́dà náà ni ọjà tèmi ti ń wá. Ọ̀nà kan náà ló ń bọ́ wa.

Ni ìjọba bá ti bọ́dà pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Wọ́n ní ká máa jẹ ìrẹsì tiwa. Kò sí ẹni tó kọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ti gbìn ín sílẹ̀ dè wá? Iṣẹ́ ọkọ dúró, ọjà ìyàwó tán. Ṣókéèsì mi tó máa ń kún dé ẹnu di ilé aláńtakùn. Ọkọ mi sì wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, ó ń rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé dé títì, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Orí mi ń fọ́ mi láti máa wò ó.

Àwọn tó láyà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á yọ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á di ìrẹsì kún un, wọ́n á pa iná iwájú, wọ́n á sì sá eré àsápajúdé nínú igbó láti ìhà Tube, abúlé kan lẹ́bàá bọ́dà, títí wọn á fi já sí ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn. Habeebullah wà lára wọn. Ilé tiwọn ló kọjú sí tiwa. Ó forí ọkọ̀ sọ igi tíìkì nínú òkùnkùn, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́, adìyẹ abúlé ló ń ṣa ìrẹsì tó fọ́n ká ojú ọ̀nà jẹ. Mùínátù ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ ni òun àti èmi máa ń fi òwúrọ̀ ṣe, ó wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìbá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún. Mi ò bẹ̀ Ẹ́ fún owó, mi ò bẹ̀ Ẹ́ pé kó ṣí bọ́dà. Kí ọkọ mi ṣá ti má gba ọ̀nà yẹn.

Ìdí tí mo fi ń gbàdúrà ni Àúdù. Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ ń wa tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀. Àúdù kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Á kí mi dáadáa, “Màmá Ọlámipọ̀, ẹ kú ìrọ́jú,” á béèrè ọmọ, á béèrè ara. Lẹ́yìn náà, á mú ọkọ mi lọ sídìí igi ọsàn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tí mo bá béèrè ohun tí wọ́n ń sọ, ọkọ mi á ní kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kan ló tó sọ òótọ́. Ó ní, “Adéwùnmí, kì í ṣe ebi ló ń ṣe mí. Ọwọ́ mi ló ń yún mi. Mò ń lálàá sítíárìn.” Ohun tó ń ṣe Lébánjò kò ṣe ọmọ rẹ̀. Èmi ń wá bí n ò ṣe ní di opó, òun ń wá sítíárìn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló rí nǹkan náà lórí fóònù. Òyìnbó kan gbin koríko sínú omi, nínú gíláàsì, ẹja wẹ́wẹ́ sì ń gba àárín koríko náà kọjá. Cornelius jókòó, ó ń wò ó. Mo ti gbé ẹ̀wà kaná nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà náà jinná, kò tíì dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o, ẹ̀wà ni mo wí, kì í ṣe ẹyin. Mo yọjú láti ilé ìdáná, mo rò pé bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ṣókéèsì rẹ yẹn, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, àbí?”

Mo bínú. Mo ní kó fi ṣókéèsì mi sílẹ̀, pé tí bọ́dà bá ṣí lọ́la ńkọ́? Ṣùgbọ́n mo ronú nípa ẹ̀wà náà títí tí oúnjẹ fi délẹ̀. Ohun tó bá lè mú ọkùnrin yìí jókòó títí ẹ̀wà fi jinná, ó yẹ kí n fi ṣókéèsì rà á. Mo ní kó máa gbé e lọ.

Ó gbé gíláàsì náà lọ bá ẹni tó ń gé gíláàsì lẹ́bàá ọjà, ẹni yẹn bá a gé e, wọ́n sì fi sìlíkónì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di àpótí gbọọrọ. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀ kí sìlíkónì gbẹ dáadáa kó tó dami sí i. Ṣé Cornelius ni yóò dúró dè é? Ó pọnmi dà sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Nígbà tí mo máa fi jí láàárọ̀, bàtà mi ló ń léfòó ní pálọ̀. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Mo ní agbè gan-an ló fọ́, kó lọ mú aṣọ ìnulẹ̀. Ó tún un lẹ̀, ó sì gbé e sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ fèrèsé. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró kó gbẹ, torí mo kó gbogbo korobá ilé mọ́ yàrá, mo tì í.

Kò sí nǹkan tó rà fún inú rẹ̀. Ilẹ̀dú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló bù, ó sì fi asẹ́ ògì mi sẹ́ ẹ. Ẹ fojú inú wò ó, asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ ògì tí a ń mu. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó tẹ́ ilẹ̀dú náà sísàlẹ̀, ó fọ iyanrìn odò Yewa títí omi ìfọ̀ rẹ̀ fi mọ́, ó sì fi bo ilẹ̀dú náà lórí. Ó wá lọ sí odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn. Ó já koríko omi, ó já òṣíbàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó sì kó ojú oró. Àpò ìrẹsì tó ṣófo ló fi gbọ́n ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ fàdákà sínú ike. Nígbà tó ń bọ̀, àwọn aṣọ́bodè dá ọ̀kadà tó gbé e dúró. Wọ́n ní kí ló wà nínú ike. Ó ní ẹja ni. Wọ́n ní ẹja ilẹ̀ ibo? Ó ní ẹja odò bàbá òun. Ọ̀kan tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ike náà lọ́sàn-án gangan, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa lọ.

Ohun tí mo fi ń já irun ojú ló fi ń gbin àwọn koríko náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé ojú oró sórí omi, mo sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, mo sì ṣe àmín fún ara mi. Kì í ṣe ẹja ni mò ń gbàdúrà fún.

Omi náà mọ́ fúngbà díẹ̀, ló bá dàrú. Ó funfun bí omi ìfọ̀rẹsì, a ò rí ẹja mọ́, a ò rí koríko. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Á wo omi, á lọ sídìí igi ọsàn, á tún padà wá wo omi. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gbogbo ilé ń ṣe sí omi tó bá dàrú nílẹ̀ wa. Ìyá tèmi ṣe é, ìyá tirẹ̀ náà ṣe é. Tí a bá ti pọn omi odò sínú dúrọ́ọ̀mù, álọ́ọ̀mù la ń fi yí i nínú, gbogbo ìdọ̀tí á sì sọ̀ sísàlẹ̀. Cornelius mú òkúta álọ́ọ̀mù láti ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, ó fi yí inú omi ẹja náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí a tó jẹun tán, omi ti tòrò. Ó mọ́ ju ti orí fóònù lọ. Èmi àti òun jọ dúró níwájú rẹ̀, inú wa ń dùn.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ẹja ti ń gba orí omi la ẹnu. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti kú. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí omi tó mọ́ gaara náà, ojú wọn là sílẹ̀. Ọkọ mi kó wọn jáde, ó gbẹ́lẹ̀ sin wọ́n sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó mú fóònù, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún Àúdù pé, “Nígbà tí ẹ bá tún ń lọ, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.” Mo wọ inú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe Ẹ̀gbọ́n Lábísí ní Ayétòrò.

Ẹ̀gbọ́n Lábísí ni àkọ́bí katikíìsì, òun ni Ọlámipọ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹja àrọ̀ ló ń sìn. Kò sí ẹni tí ọkọ mi bẹ̀rù láyé àyàfi obìnrin yìí, torí òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó dé ní ọjọ́ kejì, ó fi ọ̀rá wé nǹkan dúdú kan tó ń rùn. Ó wo omi, ó wo àbúrò rẹ̀.

Ó ní, “Ta ló rán ọ ní álọ́ọ̀mù? Omi tí èèyàn máa mu là ń ṣe yẹn sí. Ẹja ò mu omi lásán, inú rẹ̀ ló ti ń mí. O gbé oró sí i nímú.”

Ó ní kó da ìlàjì omi náà nù, kó pọn omi kànga tó ti sùn mọ́jú sí i, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó bu ìlàjì ojú oró dànù torí ó ti bo oòrùn mọ́ àwọn koríko ìsàlẹ̀. Nǹkan dúdú tó ń rùn náà, fóòmù tó ń sẹ́ omi ẹja tirẹ̀ ni. Ó fún un sínú omi, omi tún dàrú, ọkọ mi sì mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ohun tó wà nínú ìdọ̀tí yẹn ló máa ń jẹ ìdọ̀tí ẹja. Ó ní, “Omi tuntun gbọ́dọ̀ dàrú. Tó bá ti dàrú tán, á tòrò fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni kó o jókòó, kó o má fọwọ́ kàn án.” Ó fà á létí bí ẹni fa ọmọ kékeré. Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí irú ìjókòó tó jẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Á na ọwọ́ sí omi, á rántí Ẹ̀gbọ́n, á fi ọwọ́ náà họrí. Èmi náà ò sinmi. Tí mo bá gbọ́ ìró ọ̀kadà, màá sáré wo ẹnu ọ̀nà bóyá Àúdù ni. Tí ọkọ mi bá pẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, màá pè é, tó bá dáhùn, màá ní kò sí nǹkan kan. Ọyẹ́ dé, ètè wa ń ya, omi náà kò sì tòrò. Lẹ́yìn náà ló kàn tòrò láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan sí i. Òṣíbàtà ti yọ ewé tuntun. Koríko ti fọ́n gbòǹgbò sí ara gíláàsì. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọ inú rẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo fa àpótí ìjókòó, tí mo jókòó tì í.

Ó tún padà sí Òkè-Ọ̀dàn. Ẹja méjì péré ló mú wá lọ́tẹ̀ yìí, akọ àti abo, tí wọn kò gùn ju ìka mi lọ. Ikùn èyí abo pupa bí ẹni fi osùn kùn ún. Ó gbé ìlàjì èèpo àgbọn síbẹ̀ fún wọn, ó dá ihò sí i lára, wọ́n sì wọlé síbẹ̀ bí ẹni tó ti san owó ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yé ẹyin sí òrùlé rẹ̀. Inú ọkọ mi dùn débi pé ó pe Ọlámipọ̀ lórí fóònù láti ròyìn. Àmọ́ ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára kò jẹ́ kó gbádùn. Ó rí ewé kan tó ti ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo àgbọn, ó ní òun kàn fẹ́ yọ ọ́. Ó kàn ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, ó sì yọ ọ́ jáde. Nígbà tí a máa fi wò ó lẹ́yìn oúnjẹ, kò sí ẹyin mọ́. Àwọn òbí ti jẹ ẹ́ tán.

Ó pe Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹja tí ẹ̀rù bá ti bà máa ń jẹ ọmọ rẹ̀. Tó o bá tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ọmọ, wọ́n á tún jẹ wọ́n.” Kò bá a wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn ún ju etí fífà lọ.

Wọ́n tún yé. Lọ́tẹ̀ yìí kò fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ jáde, wọ́n pọ̀ bí ìyẹ̀fun gaàrí tí a fọ́n sínú omi, ìyá wọn wà níwájú, bàbá wọn wà lẹ́yìn. Tí ọ̀kan bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyá á gbé e sẹ́nu, á tu ú sáàárín àwọn yòókù. Ọkọ mi ń fi ẹyin sísè tó rún wẹ́wẹ́ bọ́ wọn. Mùínátù pàápàá rékọjá títì wá wò wọ́n. Ó wò wọ́n pẹ́, ó ní, “Bàbá wọn wà ńbẹ̀,” ó sì lọ sílé rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹ̀bùrú ti tán nílé wa. Àṣé mò ń tan ara mi.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, Àúdù gbé ọkọ̀ Kámúrì kan wá sí ẹ̀yìnkùlé wa lọ́sàn-án. Mo yọjú wò ó, kò sí ìjókòó lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo rí. Àúdù ní ibà ti dá ẹni tó máa wà á dúbúlẹ̀, ẹrù sì ń dúró ní Tube. Ó ní òun ń lọ mú nǹkan, pé òun á padà wá ní ìrọ̀lẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Ọkọ mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú yẹn.

Mo ní, “Cornelius.”

Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, Adéwùnmí.”

Mo ní, “Habeebullah náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kú.”

Ó mú korobá, ó lọ wẹ̀. Mò ń gbọ́ tó ń súfèé nínú balùwẹ̀. Bóyá tí kò bá súfèé ni, ǹ bá ti jókòó síbẹ̀ kí n máa sunkún bí obìnrin tó bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ìfé yẹn ló bí mi nínú. Mo já kọ́kọ́rọ́ náà lórí ìṣó, mo sì wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ibi tí mo lè tọ́jú rẹ̀ sí tí kò ní í rí i. Mo sọ ọ́ sínú omi ẹja.

Ó rọra rì lọ sísàlẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà èèpo àgbọn. Omi náà rú. Akọ ẹja dojú kọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó ń fi ìrù gbá a. Ìyá wọn ń kó àwọn ọmọ wọlé, ìkánjú bá a, ó ń gbé wọn sẹ́nu, ó ń tu wọ́n sílé, ó ń padà wá gbé òmíràn. Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má jẹ wọ́n.

Ọkọ mi jáde pẹ̀lú tówẹ̀lì nídìí. Ó wo ìṣó. “Kọ́kọ́rọ́ dà?”

“Ó wà nínú omi.”

“Omi wo?”

“Omi rẹ.”

Ó rìn débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i. Ó wò mí. Mo rò pé yóò gbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbá mi rí. Ó na apá sókè omi, omi ìwẹ̀ sì ń kán láti igunpá rẹ̀. Ìka rẹ̀ kan omi. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìyá ẹja náà yíjú, ó gbé ọmọ kan sẹ́nu, ó sì pa ẹnu dé. Kò tu ú. Ó dúró, ojú rẹ̀ wà lára ìka yẹn. Èmi àti Cornelius ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ gbé e sá ni, àbí ó fẹ́ gbé e mì. Ọkọ mi fa ọwọ́ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹja náà tó tu ọmọ náà sábẹ́ èèpo àgbọn.

Àúdù dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó fun fèrè ọ̀kadà tó gbé e wá, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ló bá wọlé. Ó bá ọkọ mi lórí àpótí níwájú omi, tówẹ̀lì ṣì wà nídìí rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún Àúdù fúnra mi, mi ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó wò mí, ó mi orí, ó ní, “Màmá Ọlámipọ̀, ẹ ò ṣe dáadáa.” Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ sí omi.

Cornelius gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, “Má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.”

Àúdù ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nítorí ẹja tí kò kún ṣíbí?”

“Wọ́n á jẹ ọmọ wọn.”

Àúdù rò pé àwàdà ni. Ó fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀, ọkọ mi ò fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ojú ara wọn títí. Lẹ́yìn náà ni Àúdù wo inú omi, mo sì rí i tó ń wá àwọn ọmọ náà, tó rí wọn. Ó já apá ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun mọ ẹnì kan nítòsí gáréèjì tó lè so wáyà ọkọ̀ láìlo kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Kó dàárọ̀, Màmá Ọlámipọ̀.” Mo ní kí Ọlọ́run mú un lọ kó mú un bọ̀, ó sì tọkàn mi wá, torí òun náà ní ìyàwó.

A jókòó síbẹ̀. Ẹni náà dé, a gbọ́ tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dún, tó kú, tó tún dún. Ọkọ mi ki àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn lórí. Mọ́tò náà jáde sí títì, ó dorí kọ ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn, ó yí jíà. Bó ṣe yí i ni ẹsẹ̀ òsì Cornelius tẹ ilẹ̀ níbi tí kò sí kíláàṣì tí awakọ̀ ń tẹ̀ tó bá fẹ́ yí jíà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ojú rẹ̀ wà lára omi.

Mo fa àpótí tèmi sún mọ́ ọn. Mo gbé ẹsẹ̀ mi lé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì fi síbẹ̀ títí tí kò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́.